Ọrùn Ta Ló Wà Nínú Àwòrán Yìí?

Ẹ̀yin òbí tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ara ọmọ yín ń wú, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ẹ ń rò ó pé ta ló ṣe é, kí ni ọmọ jẹ, ta ló fọwọ́ kàn án. Èmi náà rò ó. Mo fura sí ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ mi níṣẹ́, mo fura sí ilé ìwòsàn, mo fura sí oògùn, mo fura sí ẹ̀rọ. Nínú gbogbo ìfura yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló ràn wá lọ́wọ́, ibi tí mi ò fojú sí rárá ló sì ti jáde. Nítorí náà mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ má fura. Ibi tó yẹ kí ẹ fojú sí ni mo fẹ́ sọ.

Ìlaròó ni à ń gbé. Aránṣọ ni mí. Ọkọ mi ń wa lọ́rì akẹ́rù láti Ìdí-Ìrókò kọjá bodè lọ sí Àjàṣẹ́ kí ìjọba tó ti bodè náà. Ìbejì obìnrin la bí, Táyé àti Kẹ́hìndé, wọ́n sì jọra débi pé ìwọ̀n kan ṣoṣo ni mo fi ń gé aṣọ wọn láti kékeré. Bí mo bá ti wọn ọ̀kan, mo ti wọn èkejì. Kẹ́hìndé ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nítòsí ilé wa. Táyé ń kọ́ṣẹ́ irun ní Ayétòrò. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ló ń sùn, ó sì ń wálé lópin ọ̀sẹ̀.

Apá òsì rẹ̀ ló kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn. Ó wálé lọ́jọ́ kan, ó ní, “Màmi, bí mo bá gbé apá sókè láti dirun, kì í pẹ́ tí apá òsì fi ń kú. Á wúwo bí ẹni pọnmi. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀, á tún jí.”

Kẹ́hìndé fi í rẹ́rìn-ín. “Ọ̀lẹ ń wá orúkọ mìíràn. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ rán ẹ wáyé pé kí o lọ tọ́ ọ wò, ìrìn yẹn ni kò tíì tán lára ẹ títí di òní.”

A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná nírọ̀lẹ́. Ó ń rù. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn òun ń ro òun bí ẹni sùn sórí igi, òòyì sì ń kọ́ òun bí òun bá gbójú sókè. Kẹ́mísì ní ibà ni, wọ́n fún un ní oògùn ibà. Nígbà tí kò lọ, wọ́n ní taifọ́ọ̀dù ni. Nígbà tí mo rán aṣọ ìsìn fún àwọn méjèèjì, mo gé e ní ìwọ̀n kan náà bí mo ṣe máa ń ṣe. Ti Kẹ́hìndé bá a mu. Ti Táyé fẹ̀ lára, apá òsì aṣọ náà sì ń mì lọ́wọ́ rẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Mo fa tépù yọ, mo wọn apá rẹ̀ méjèèjì. Wọn ò dọ́gba.

Táyé kò ní pẹ́ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́. Mo bá rò ó pé ẹnì kan ni kò fẹ́ kó gbà á. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ayétòrò, mo bá ọ̀gá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà jókòó síbẹ̀.

Mo ní, “Kí ni ọmọ mi ń jẹ lọ́dọ̀ yín?”

Ó ní, “Ẹ̀bà ni, Ìyá Ìbejì. Ìkòkò ọbẹ̀ kan náà la jọ ń bù. Bó bá jẹ́ pé mo fi nǹkan sí i, èmi náà ti jẹ tèmi.”

Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Mo kó ẹrù ọmọ mi, mo mú un wálé.

A lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìlaròó. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí ìlà ti gùn dé ẹnu géètì. Nígbà tó kàn wá, nọ́ọ̀sì di ọ̀já ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ apá òsì Táyé. Ẹ̀rọ fẹ́, ó fẹ́, kò rí nǹkan kan sọ. Nọ́ọ̀sì tún un tẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó ní bátìrì ló ti ń kú, ó ní ká sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó di ọ̀já kan náà mọ́ apá bàbá tó wà lẹ́yìn wa, ẹ̀rọ sì sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Mo dìde. “Nọ́ọ̀sì, bátìrì tó kú fún ọmọ mi, báwo ló ṣe jí fún bàbá yìí?”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.”

“Mi ò jókòó. Ẹ dì í mọ́ apá rẹ̀ kejì.”

Ó dì í mọ́ apá ọ̀tún. Iye tó jáde ga ju ohun tó yẹ kéèyàn rí lára ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún lọ. Nọ́ọ̀sì kò bá mi jiyàn mọ́, ó lọ pe dókítà. Bàbá àgbàlagbà kan ni. Ó di ọrùn ọwọ́ Táyé méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, ó dijú, bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́ ẹni méjì. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọ̀tún ń lù. Òsì dákẹ́.” Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo wá ibi tí iṣan ti ń lù lọ́rùn ọwọ́ òsì ọmọ mi, mi ò rí i.

Bó ṣe yé mi ni mo ṣe máa sọ ọ́. Àwọn iṣan ńláńlá kan wà tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn lọ sí apá, sí ọrùn, sí orí. Nínú àìsàn yìí, ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń bá iṣan náà jà. Ògiri iṣan á máa wú, á máa nípọn sínú, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà á sì máa dín kù. Bó bá dí tán lápá, apá á kú tipiri. Bó bá dí lọ́rùn, orí ni kò ní rí ẹ̀jẹ̀. Mo bi dókítà pé ta ló fà á. Ó ní kò sẹ́ni tó fà á, kì í ràn, kì í sì í ṣe oúnjẹ. Mi ò gbà á gbọ́ nígbà náà. Ó ní àfi kí a lọ ya àwòrán iṣan ọrùn rẹ̀, kí wọ́n lè rí bí ògiri iṣan ṣe nípọn tó. Ẹ̀rọ tó lè yà á kò sí lọ́dọ̀ wọn.

Ọkọ mi ní òun mọ ilé ìwòsàn kan ní Àjàṣẹ́, ọ̀nà tí òun ń ná lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni. Èmi ò lè bá wọn lọ nítorí aṣọ ilé-ìwé tó wà nílẹ̀, táwọn ọmọ fẹ́ fi wọlé. Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé ní Ajílété, ló bá wọn lọ, nítorí pé ó gbọ́ Ègùn, ó lè bá àwọn ará ọ̀hún sọ̀rọ̀. Màmá sì fi dandan lé e pé Kẹ́hìndé náà gbọ́dọ̀ lọ.

“A kì í ṣe fún ọ̀kan ká má ṣe fún èkejì,” ó ní. “Bí wọ́n bá ya ọrùn Táyé, kí wọ́n ya ti Kẹ́hìndé. Ṣé ẹ fẹ́ kí èyí tó kù bínú ni?”

Wọ́n ya àwọn méjèèjì. Àpòòwé ńlá méjì ni wọ́n kó wálé. Orúkọ bàbá wọn àti ọjọ́ ìbí wọn ló wà lára méjèèjì, àti nọ́ńbà: 1 lára ọ̀kan, 2 lára èkejì. Dókítà ọ̀hún fún Táyé ní oògùn funfun kéékèèké tí yóò máa lò láràárọ̀, ó sì sọ fún ọkọ mi pé iṣan ńlá ló ń wú lóòótọ́. Kí a tọ́jú àwòrán náà dáadáa, nítorí òun ni dókítà tó bá kàn yóò fi wé èyí tí wọ́n bá yà lẹ́yìn ọ̀la, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba ti bodè. Lọ́rì ọkọ mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, adìyẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Sójà àti kọ́sítọ́ọ̀mù kún ojú ọ̀nà. Ọ̀nà Àjàṣẹ́ di ti àwọn onífàyàwọ́ tó ń fi ọ̀kadà gba inú igbó, èmi ò sì ní gbé ọmọ aláìsàn sẹ́yìn onífàyàwọ́. A ń ra oògùn náà ní Ìlaròó. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ni mo ní. Nígbà tó yá, ó ku ọ̀kan.

Oògùn náà mú ara gbígbóná lọ. Ṣùgbọ́n ojú Táyé wú, ó rí roboto. Ebi ń pa á lọ́sàn-án lóru, kì í rí oorun sùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn, àlejò lè dá wọn mọ̀ lókèèrè. Àwọn aládùúgbò ń wo ikùn rẹ̀ bí ó bá ń kọjá. Táyé kò fẹ́ jáde mọ́. Dókítà Ìlaròó ti kìlọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ dá oògùn náà dúró lójijì, ó léwu. Ìyẹn gan-an tún mú mi fura. Irú oògùn wo ni kò ṣe é fi sílẹ̀?

Nígbà tó tó àkókò láti ya àwòrán kejì, wọ́n kọ̀wé fún wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan ní Abẹ́òkúta. Èmi, ọkọ mi àti Táyé la lọ. Ọkọ mi mú àpòòwé nọ́ńbà 1 dání. Nígbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù kan dá ọkọ̀ wa dúró lójú ọ̀nà, ó fa àwòrán inú rẹ̀ yọ, ó nà án sí oòrùn.

“Kí lèyí?”

Ọkọ mi ní, “Ọrùn ọmọ mi ni.”

“Ìrẹsì kankan ò sí nínú ọrùn náà?”

Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Táyé náà rẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn, nítorí náà mo dárí ji ọkùnrin náà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ sìkáànì tí wọ́n fi ń ya àwòrán náà bà yín lẹ́rù. Kì í gún èèyàn, kì í jóni. Ọkùnrin tó ń ṣe é fi nǹkan tútù tó ń yọ̀ pa ọrùn Táyé, ó wá ń ti ohun kan tó dà bí áyọ́ọ̀nù kékeré gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn rẹ̀ lọ sókè. Lójú ẹ̀rọ, iṣan náà hàn bí ihò dúdú tí òrùka aláwọ̀ eérú yí ká. Òrùka yẹn ni ògiri iṣan. Ọkùnrin náà fi àmì kékeré méjì há òrùka náà láàárín, bí èmi ṣe ń fi abẹ́rẹ́ há etí aṣọ, ẹ̀rọ sì tẹ ìwọ̀n rẹ̀ síta. Ìlà kéékèèké tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà orí tépù mi ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ìlà méjì ni ti Táyé.

Dókítà tó gbà wá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin, ọmọdé ni lójú mi, ṣùgbọ́n kì í kánjú. Ó gba àwòrán Àjàṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó ní, “Mo rí nọ́ńbà 1 lára èyí. Ṣé òun ni Táyé?”

Ọkọ mi ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ìbejì ni wọ́n. Táyé ló kọ́kọ́ wáyé.”

Dókítà gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú rẹ̀ sì yí padà. Nínú àwòrán Àjàṣẹ́, òrùka náà fẹ́lẹ́, kò tó ìlà kan. Ó ní, “Màmá, ọrùn rẹ̀ mọ́ nígbà yẹn. Ó ti nípọn báyìí. Oògùn tó ń lò kò dá àìsàn yìí dúró, ó ń gùn lọ sí orí.” Ó ní oògùn tó le ju èyí lọ ló kù, tí wọ́n á máa fà sí i lára. Kò fi pamọ́ fún wa: oògùn náà lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́ fún un lẹ́yìn ọ̀la. Ó ní ká lọ rò ó, ká padà wá lọ́sẹ̀ méjì.

Mo bi í ní ìbéèrè kan. “Bí ọrùn rẹ̀ bá mọ́ nígbà yẹn, kí ni dókítà Àjàṣẹ́ rí tó fi ní iṣan ń wú?”

Ó ní, “Bóyá apá rẹ̀ tí kò lù ló fi mọ̀.”

Ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọrùn ti ń ro ọmọ yìí kó tó dé Àjàṣẹ́. Mo gbé ìbéèrè mi délé.

Màmá ti Ajílété dé pẹ̀lú ìgò àgbo. Ó gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ó pàtẹ́wọ́ ìyanu. “Ẹ fi ojú ara yín rí i. Ọmọ ò tíì lo oògùn, ọrùn rẹ̀ mọ́. Ó lo oògùn, ọrùn rẹ̀ wú. Kí lẹ tún ń wá? Oògùn yẹn ló ń pa á. Ẹ dà á nù, kí ó máa mu èyí.”

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ohun tí èmi gan-an ń rò sínú ló sọ síta. Táyé jókòó lórí ẹní, ó ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ kan, oògùn líle tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ kejì, àgbo, kí a sì fi èyí tó ń lò sílẹ̀. Ó wá bi mí pé, “Màmi, èwo ni ẹ fẹ́ kí n lò?”

Mo ní, “Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o ṣì máa lò. Mi kì í gé aṣọ tí mi ò tíì wọ̀n.”

Màmá bínú, ó padà sí Ajílété lọ́jọ́ kejì. Ó fi àgbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì ìránṣọ mi, kí n lè máa rí i.

Lẹ́yìn tó lọ ni mo rántí àpòòwé kejì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti Àjàṣẹ́ dé, kò sẹ́ni tó ṣí nọ́ńbà 2 wò, nítorí ti Kẹ́hìndé ni, Kẹ́hìndé ò sì ṣàìsàn. Mo fà á yọ lábẹ́ aṣọ. Mo ti mọ bí òrùka náà ṣe ń rí báyìí. Èyí tí mo rí nípọn bí ìgbátí aṣọ tí wọ́n ká po. Mo ka iye tí ẹ̀rọ tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlà mẹ́ta.

Mo jókòó sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé àwọn méjèèjì ni. Kẹ́hìndé náà ti ní in, tiẹ̀ tilẹ̀ burú ju ti Táyé lọ, láti ọjọ́ yìí wá sì rèé, kò lo ẹyọ oògùn kan. Mo pè é wọlé. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

Ó ní, “Màmi, ṣé ẹ fẹ́ bá mi jó ni?”

Ọ̀tún ń lù. Òsì ń lù. Mo ní kí ó gbé apá sókè, kó má sọ ọ́ kalẹ̀ àfi tí mo bá sọ. Ó gbé e títí tó fi sú èmi tí mò ń wò ó. Mo mú un lọ sí kẹ́mísì, mo ní kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ lápá méjèèjì. Kò sí ìyàtọ̀ kan. Ọmọ tí kò ṣàìsàn ló ní àwòrán àìsàn. Ọmọ tó ń ṣàìsàn ló ní àwòrán tó mọ́. Ìfura mi kúrò lára oògùn, ó bọ́ sára àwòrán.

Mo lọ bá ọkọ mi níbi tó ti ń nu lọ́rì tí kò lọ síbi kankan. “Bàbá Ìbejì, ṣé ó dá yín lójú pé Táyé ni nọ́ńbà 1?”

“Ta ni ìbá tún jẹ́? Òun ló kọ́kọ́ jáde.”

“Ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́?”

Ó gbé àkísà kalẹ̀. “Mo wà lọ́dọ̀ lọ́rì. Màmá ló bá wọn wọlé.”

Mo bi àwọn ọmọ. Wọ́n ní Ègùn ni Màmá àti akọ̀wé ń sọ, àwọn ò gbọ́ ọ. Kẹ́hìndé wá ní, “Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé. Mo rò pé torí Táyé ń bẹ̀rù ni.”

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ajílété. Màmá ń bó gbágùúdá lẹ́yìn ilé. Kò kí mi dáadáa. Ó rò pé ẹjọ́ àgbo ni mo bá wá.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màmá, nígbà tí ẹ dé Àjàṣẹ́, kí ni akọ̀wé bi yín?”

“Kí ni wọ́n í bi èèyàn? Ó ní orúkọ bàbá wọn kan náà, ọjọ́ ìbí wọn kan náà, ojú wọn kan náà, kí ni òun ó fi dá wọn mọ̀. Mo ní ìbejì ni. Ó ní ta ni ẹ̀gbọ́n nínú wọn. Mo sọ fún un.”

“Kí lẹ sọ fún un?”

“Kẹ́hìndé ni mo sọ.” Ó gbójú sókè wò mí. “Àbí àbúrò ni Kẹ́hìndé ni? Ìyá Ìbejì, ìwọ lo bí wọn, èmi ni n ó wá kọ́ ọ? Ẹni tó ránṣẹ́ ló dàgbà ni, àbí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́?”

“Ó wá kọ nọ́ńbà 1 fún Kẹ́hìndé.”

“Ohun tó kọ ló kọ. Èmi sọ òtítọ́ fún un.”

Òtítọ́ ló sọ. Kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n. Ọkọ mi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lójú tiẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ń kà sí ìkíní. Àwọn méjèèjì sọ òtítọ́, òtítọ́ méjì yẹn sì fẹ́ pa ọmọ mi láàárín wọn. Mo jókòó níbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Màmá ní, “Dìde lórí gbágùúdá mi.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Bí ìlà mẹ́ta bá jẹ́ ti Táyé kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, tó sì wá di méjì, a jẹ́ pé oògùn náà kò mú un wú. Ó ń mú un rọ̀ ni. Oògùn tí a fẹ́ dà nù ló gbà á là.

Síbẹ̀ mi ò gbà pé ó tán. A ò lè lọ bi wọ́n ní Àjàṣẹ́, bodè wà ní títì. Ọkọ mi pe ilé ìwòsàn náà lórí fóònù. Ẹni tó gbé e sọ Faransé, ó ní kí wọ́n mú èèyàn wá. Nítorí náà nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, gbogbo wa la lọ sí Abẹ́òkúta, Màmá náà tẹ̀ lé wa, àpòòwé méjèèjì wà lórí itan mi. Mo ro ẹjọ́ náà fún dókítà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ó máa bínú. Kò bínú. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya Kẹ́hìndé nísinsìnyí, lórí ẹ̀rọ wa.”

Ọkùnrin kan náà ló yà á. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń wo ojú ẹ̀rọ. Òrùka náà fẹ́lẹ́, kò tó ìlà kan. Ibi tí iṣan ti pín sí méjì lókè ọrùn, bó ṣe tẹ̀ nínú àwòrán nọ́ńbà 1 ló ṣe tẹ̀ lójú ẹ̀rọ.

Dókítà gbé gbogbo àwòrán náà sórí tábìlì, ó wò wọ́n títí. Ó wá ní, “A ò ní fún un ní oògùn líle yẹn mọ́. Èyí tó ń lò ń ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa dín in kù.” Ó kọ orúkọ Táyé ní kíkún sára àwòrán nọ́ńbà 2, ó sì fọwọ́ sí i.

Táyé bú sẹ́kún. Kẹ́hìndé ní, “Kí lo ń sunkún sí? Èmi tí mo ti ń ru àìsàn ẹ látọjọ́ yìí ló yẹ kó sunkún.”

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Màmá ní, “Ẹ rí i pé bí mi ò bá ní kí wọ́n ya Kẹ́hìndé, ẹ̀ bá má rí nǹkan fi wé.”

Ọkọ mi ní, “Màmá, bí ẹ ò bá ní kí wọ́n yà á, à bá má rí nǹkan pò mọ́ra.”

Títí tí mo fi ń kọ èyí, wọn ò tíì ṣí bodè. Oògùn funfun Táyé ti dín kù. Wọ́n fi òmíràn tó ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kún un. Ojú rẹ̀ ti ń padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ya ọrùn rẹ̀, lórí ẹ̀rọ kan náà, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fi èyí ṣeré. Nígbà kan, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo nǹkan ti dákẹ́, ara Táyé náà yá, ẹbí ní ká má náwó sí sìkáànì mọ́. A yà á. Òrùka náà ti nípọn díẹ̀ sí i. Dókítà fi oògùn díẹ̀ kún un, nígbà tí a tún yà á, ó ti padà sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé àlàáfíà ni nígbà tí iṣan ṣì ń wú. Àwòrán ló sọ fún wa.

Apá òsì rẹ̀ kò tíì lù. Dókítà ní ó lè má lù mọ́, pé àwọn iṣan kéékèèké mìíràn ló ń bọ́ apá náà báyìí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọn ìfúnpá rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ yín láti máa na apá tó ń lù. Ó ti padà sí Ayétòrò. Ọ̀gá rẹ̀ ra àpótí kúkúrú fún àwọn oníbàárà, kí orí wọn lè wà nísàlẹ̀, kí Táyé má máa gbé apá sókè. Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ jẹ ẹ̀bà.

Àgbo Màmá ṣì wà lórí tábìlì mi. Mo ti ń wọn àwọn ọmọ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, akọ̀wé tuntun kan ló wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn sìkáànì. Ó wo ìwé, ó wo ojú àwọn méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìbejì,” ó ní. “Ta ni ẹ̀gbọ́n, Màmá?”

Mo ní, “Má bi mí léèrè ẹ̀gbọ́n. Kọ orúkọ Táyé.”

Mo dúró tì í títí tó fi kọ ọ́ tán.